Ìṣẹ́jú Mélòó Ló Máa Gbá?

Nígbà tí àdéhùn Tosin Adarabioyo parí ní Fulham lọ́dún 2024, tí Chelsea sì mú un lọ́fẹ̀ẹ́ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ tó kúrò níbẹ̀, inú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe Chelsea l'Àbújá dùn bí ẹni pé àbúrò wọn ni wọ́n gbà síṣẹ́ ní CBN. Orúkọ yẹn nìkan ti tó wọn. Kí líìgì tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ, àwọn kan ti fi í sínú ikọ̀ tí wọ́n ń kó jọ lórí fóònù, nínú eré Fantasy Premier League tí gbogbo wa ń pè ní FPL. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ní Kubwa kò fi í síbẹ̀. Chelsea lòun náà ń ṣe o, látìgbà ayé Babayaro. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní mú Tosin ni?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àbúrò, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbá?"

Fún ẹni tí kò bá ń ṣe é: mílíọ̀nù 100 pọ́ùn orí ìwé ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí líìgì ilẹ̀ England tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ra agbábọ́ọ̀lù 15. Gólì 2, ẹlẹ́yìn 5, àárín 5, atamátàsé 3, kò sì gbọdọ̀ kó ju mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣe lórí pápá gan-an ló ń di póìǹtì fún ẹni tó rà á. O lè pààrọ̀ ẹnì kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó o bá fẹ́ pààrọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á yọ póìǹtì 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn la ń pè ní hit. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù 11 lọ ló ń ṣe é káàkiri ayé, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jù. Ẹ wọ ọ́fíìsì ìjọba èyíkéyìí l'Àbújá láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó bá ẹnì kan níbẹ̀ tí kò tíì lè dárí ji káptéènì tó yàn fún ikọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá kọ́ ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Baseball ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi dá a sílẹ̀. Hal Richman gbé Strat-O-Matic jáde ní 1961, káàdì àti dáìsì ni wọ́n fi ń ta á. Ní 1980, Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní New York dá líìgì tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń pàdé pè é, La Rotisserie Française. Iye owó kan náà lẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti fi ra agbábọ́ọ̀lù, gbàǹjo ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Ẹni tó o bá rà níbẹ̀, tìrẹ nìkan ni. FPL kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la lè ra Haaland ti Manchester City. Nítorí náà, ohun tí àwọn tó kù ní lọ́wọ́ wà lára ohun tó ń sọ iye tí agbábọ́ọ̀lù kan tó fún ọ. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí ẹ jọ ń du owó bá ní Haaland, tí ìwọ kò sì ní in, gbogbo góòlù tó bá gbá, ìwọ ló gbá a sí.

Ọ̀díìtà ni Ẹ̀gbọ́n, iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Federal Secretariat ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bi èèyàn pé kí ni wọ́n ná owó sí, ta ló sì fọwọ́ sí i. Ó ní ìwé lẹ́jà kan, ẹlẹ́yìn líle, tó ń kọ àwọn tó bá rà sí. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọjọ́, lẹ́yìn náà orúkọ, iye, ìdí tó fi rà á, àti ohun tó máa mú kó tà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àpótí kéékèèké méjì tó fi sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀kan wà fún ìdí, ìkejì wà fún èsì. Bíírò ló fi ń kọ ọ́, kì í pa á rẹ́, kì í sì í fọwọ́ kan àpótí méjèèjì títí ọmọ náà yóò fi ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún lẹ́sẹ̀. Àpótí ìdí ló máa ń kọ́kọ́ dí. Ó lè fi máàkì sí ìdí kó fi àbùkù sí èsì, ó sì lè ṣe òdìkejì. Èyí tó ń ṣe òdìkejì yẹn ló ń ya èèyàn lẹ́nu, torí ta ni yóò jókòó nínú ilé rẹ̀ kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tó fún un ní póìǹtì 15?

Ìlà ìdí ni kí ẹ wò bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni yìí. Ó kúrú. Ní oṣù kẹwàá 2023, ohun tó kọ síbẹ̀ kò pé ìlà kan: "Palmer. 5.0. Pẹnáritì. Títí wọn yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Chelsea ra Cole Palmer lọ́wọ́ Manchester City. Ọmọdé ni, bẹ́ǹṣì City ló ti ń bọ̀, FPL sì dá 5.0 lé e. Ẹni tó bá ka orúkọ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, Chelsea lọ bá Burnley nílé, wọ́n sì rí pẹnáritì. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòran tó wà nítòsí ilé Ẹ̀gbọ́n ní Kubwa ṣe dìde pẹ̀lú ariwo. Ohun tí kálukú ń wò ni ibi tí bọ́ọ̀lù máa wọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Lóṣù kẹjọ, Enzo Fernández ti gbá ti West Ham, gólì ti mú un, nítorí náà iṣẹ́ yẹn kò ní olówó orí. Raheem Sterling wà lórí pápá, àgbà ni, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún England. Síbẹ̀, Palmer ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún, kò sì sí ẹni tó bá a jà sí i. Ọmọ náà gbá a wọlé, ó sì rìn lọ bí ẹni tó lọ ra omi. Kí wọ́n tó tún gbé bọ́ọ̀lù sáàárín, Ẹ̀gbọ́n ti mú fóònù.

Ẹ ronú sí ohun tó rí. Góòlù kan kò tó ìdí láti ra ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ bá fún ní pẹnáritì, iṣẹ́ kan ni wọ́n fún un tí kò sí nínú owó tí FPL dá lé e, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń dá owó náà, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Góòlù 22 ni Palmer gbá sáwọ̀n ní líìgì ọdún yẹn, pẹnáritì ni 9 nínú wọn, ó sì gbé 11 fún ẹlòmíràn. Póìǹtì 244 ló kó jọ, kò sẹ́ni tó tó o nínú gbogbo eré náà. Ẹ̀gbọ́n fi máàkì sí àpótí méjèèjì. Níwájú rẹ̀, pẹ̀lú bíírò aláwọ̀ mìíràn, ó kọ ọ́ pé òun pẹ́: ó yẹ kí òun ti rí i láti ibi tó ń dúró sí lórí pápá, kí pẹnáritì tó dé.

Èyí tó jọ mí lójú jù nínú lẹ́jà yẹn ni ti 2022. City ra Haaland, Liverpool ra Darwin Núñez. FPL dá 11.5 lé ti àkọ́kọ́, 9.0 lé ìkejì. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù keje, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé nínú Community Shield. Núñez ti orí bẹ́ǹṣì wọlé, ó gbá góòlù. Haaland dé iwájú àwọ̀n tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò rí i gbá wọlé. Liverpool fi 3-1 na City, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọjà sì yí: àwọn tó ní Haaland ń tà á, wọ́n ń mú Núñez, wọ́n sì ń ná 2.5 tó ṣẹ́ kù sí ibòmíràn. Nínú lẹ́jà, ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ sí iwájú Haaland ni pé ó ti dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, De Bruyne ló sì ń gbé e bọ̀. Sí iwájú Núñez, ó kọ "bẹ́ǹṣì" pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kò sì rà á.

Ọ̀sẹ̀ tí líìgì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlélógún. Núñez tún ti bẹ́ǹṣì wọlé ní Fulham, ó gbá ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan fún Salah. Lọ́jọ́ kejì Haaland gbá méjì sáwọ̀n West Ham. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Núñez kan Joachim Andersen ti Crystal Palace lórí, wọ́n fún un ní káàdì pupa, kò sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Haaland parí ọdún pẹ̀lú góòlù 36 àti póìǹtì 272, Núñez pẹ̀lú góòlù 9. Gbogbo èèyàn ló gbà pé káàdì pupa yẹn ló dá Ẹ̀gbọ́n láre. Òun nìkan ni kò gbà. Ó ní, "Káàdì pupa ò sí nínú ohun tí mo kọ." Ìdí tó kọ ni bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì ló sì fẹ́ kí wọ́n fi dán òun wò. Mo ti rí akọ́nimọ̀ọ́gbá àti olóṣèlú púpọ̀ tí wọn kò lè ṣe èyí, àwọn tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, òun náà ni wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa rántí pé àyè tí FPL bá kọ agbábọ́ọ̀lù sí náà ń sọ owó di púpọ̀. Nígbà tí Liverpool mú Salah wá láti Roma ní 2017, àwọn tó rántí bí nǹkan kò ṣe dùn fún un ní Chelsea kò fẹ́ fọwọ́ kàn án ní 9.0. Àárín ni FPL kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ atamátàsé ló ń ṣe. Póìǹtì 5 ni góòlù àwọn àárín, 4 ni ti atamátàsé. Ó gbá 32. Póìǹtì 303 ló ní lọ́dún yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ fi ṣe 344 ní 2024/25.

Ní ti Tosin, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ká sì fi Ola Aina tì í, torí pé àwọn méjèèjì ni agbábọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó kan ilé wa. Àdéhùn Aina parí ní Torino, Nottingham Forest mú un lóṣù keje 2023. Lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ rí i. Ìdí méjì ló kọ: AFCON ń bọ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kìíní 2024, Super Eagles yóò sì mú un lọ, àti pé Forest ń jẹ góòlù bí ẹni ń jẹ nǹkan ọ̀fẹ́. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Aina gbá àṣekágbá AFCON, Forest sì jẹ góòlù 67 nínú líìgì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já sílẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n rà á ní 4.5. Mo bi í léèrè kí ló yí padà nípa Aina. Ó ní kò sí. Ó ṣí ojú ìwé, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi: Nuno ti gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sì fẹ́ràn kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Matz Sels ti gba ipò gólì, Milenković ti Fiorentina dé, òun àti Murillo yóò wà láàárín. Ẹlẹ́yìn máa ń gba póìǹtì 4 bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá jẹ góòlù, góòlù méjì tí wọ́n bá jẹ sì ń yọ ọ̀kan kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ra ẹlẹ́yìn, àwọn mẹ́rin tó yí i ká ló ń rà. Aina tún lè gbá apá ọ̀tún, ó lè gbá apá òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèṣe níbẹ̀, òun ni wọn yóò sún, wọn kò ní gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ní oṣù kọkànlá, ó gbá góòlù kan sáwọ̀n West Ham nínú 3-0: góòlù ẹlẹ́yìn jẹ́ 6, wọn kò jẹ góòlù, 4, ó kọjá ọgọ́ta ìṣẹ́jú, 2. Forest ṣe ipò keje. Sels àti Raya ti Arsenal jọ pín ẹ̀bùn gólì tó dára jù, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí láìjẹ góòlù.

Tosin lọ sí ẹgbẹ́ tó tóbi jù Forest lọ, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti wà. Ní Chelsea, Colwill wà níbẹ̀, Fofana wà níbẹ̀, Badiashile àti Disasi náà wà. Maresca tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà yẹn ní Conference League láti gbá lọ́jọ́bọ̀, ó sì fẹ́ràn láti ní ikọ̀ ọ̀tọ̀ fún un. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọjọ́bọ̀ ni Tosin ń gbá dáadáa. FPL kò sì mọ ọjọ́bọ̀ kankan. Nígbà tí Fofana ṣèṣe lóṣù kejìlá ni àyè tó là fún un ní líìgì. Chelsea gba ife Conference League ní oṣù karùn-ún 2025, Ẹ̀gbọ́n yọ̀, ó ra ẹran fún àwa tó wà níbẹ̀. Lẹ́jà kò yí padà.

Kì í ṣe pé Ẹ̀gbọ́n kò ní àṣìṣe o. Ní oṣù kẹjọ 2025, ó ra Florian Wirtz ti Liverpool ní 8.5. Mo wo ìlà ìdí, ohun tó kọ síbẹ̀ ni "Wirtz." Ọmọ náà lọ láti oṣù dé oṣù láìgbá góòlù líìgì kan, àmọ́ Ẹ̀gbọ́n kò dúró de ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún kó tó fi àbùkù sí àpótí ìdí. Ó ní orúkọ lòun rà. Ẹ fi ti Aina lọ́dún kan náà wé e. Òfin tuntun ti dé: ẹlẹ́yìn tó bá dá bọ́ọ̀lù dúró tó ìgbà mẹ́wàá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, yálà ó gbá a jáde, ó dí i, ó já a gbà tàbí ó fẹsẹ̀ mú un, yóò gba póìǹtì 2, àárín àti atamátàsé ní láti dé 12, àmọ́ tiwọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbà padà náà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú Aina nítorí èyí àti nítorí Nuno. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lóṣù kẹsàn-án, Forest lé Nuno, Aina sì ṣèṣe nígbà tí Super Eagles lọ gbá South Africa ní Bloemfontein. Ẹ̀gbọ́n tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣèṣe. Máàkì lórí ìdí, àbùkù lórí èsì, ó sì fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe ń tà náà ní ọgbọ́n. Bí o bá ra ẹnì kan ní 5.0 tó wá di 5.3, 5.1 ni FPL yóò fún ọ bí o bá tà á, ìdajì èrè ni tìrẹ, wọn a sì gé ìṣẹ́kù rẹ̀ dànù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣọ́ iye tó ń gòkè lóru, wọn kì í sùn. Ẹ̀gbọ́n kì í bá wọn ṣọ́ ọ. Ohun tó ń dúró dè ni ìròyìn ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀, òun a sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì lórí ọ̀nà Kubwa. Wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bí ti 12:30 Sátidé bá ni àkọ́kọ́, aago 11:00 ni tiwa l'Àbújá títí di ìparí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó bá dá aago wọn padà, aago 12:00 ni. Àwọn kan nínú líìgì FPL wa máa ń gbàgbé èyí lọ́dọọdún, wọ́n a sì máa bínú sí ẹni tó rántí.

Ibi tí èmi àti òun ti ń bára wa jiyàn ni hit. Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ san póìǹtì 4 náà, àfi bí agbára bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Mo rò pé ó ń sé ọwọ́ jù. Bí ẹlẹ́yìn méjì bá ṣèṣe lọ́sẹ̀ kan náà, tí ẹni tí o máa mú wá sì ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rírọ̀ mẹ́rin níwájú, póìǹtì 4 yẹn kò ní pẹ́ padà. Òun a ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ní oṣù kejìlá 2025, nítorí AFCON ní Morocco, FPL fún gbogbo wa ní ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lo gbogbo tèmi kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun lo méjì, ó fi mẹ́ta pamọ́, nítorí òfin gbà kó o tọ́jú wọn títí dé márùn-ún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, kí lẹ tún ń tọ́jú?" Ó bi mí ìdí tí mo fi ra ẹnì kẹta, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún nínú tèmi. Mo ṣàlàyé ti ẹnì kẹta.